Ṣé òótọ́ ni pé ọ̀gá ilé-ìwé kò níṣẹ́ tó ń ṣe?

Ọkùnrin kan kọ̀wé sí mi pé ìyàwó òun di ọ̀gá ilé-ìwé girama lọ́dún tó kọjá. Ó ní nígbà tó ṣì ń kọ́ni ní kíláàsì, gbogbo ẹbí ló máa ń kí i kú iṣẹ́. Ní báyìí, ohun tí wọ́n ń sọ ni pé ó ti bọ́ lọ́wọ́ wàhálà, pé ṣọ́ọ̀kì ti kúrò lọ́wọ́ rẹ̀, pé ó kàn ń jókòó sí ọ́fíìsì tó ń buwọ́ lùwé ni. Síbẹ̀ àárẹ̀ tó ń gbé wálé lálaalẹ́ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, fóònù rẹ̀ ò sì sinmi. Ó wá béèrè pé: “Kí ni ọ̀gá ilé-ìwé ń ṣe gan-an? Kí ló dé tí àwọn èèyàn fi gbà pé kò sí iṣẹ́ níbẹ̀? Kí ni kí n máa sọ fún àwọn ará ilé mi? Ká sòótọ́, èmi náà ò rí nǹkan sọ.”

Ẹ ṣeun tí ẹ kọ̀wé. Àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ yìí kì í sábà rí ẹni bi wọ́n ní irú ìbéèrè yìí, inú mi sì dùn pé ọkọ ló ń béèrè. Ìdí iṣẹ́ yìí ni mo dàgbà sí: mo kọ́ni, mo ṣe igbákejì, mo ṣe ọ̀gá, àwọn tó fẹ́ di ọ̀gá ni mo sì ń dá lẹ́kọ̀ọ́ báyìí. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ kọ́kọ́ mọ̀ ni pé àwọn ará ilé yín ò purọ́. Ohun tí wọ́n rí ni wọ́n ń sọ. Ibi tí wọ́n dúró sí ni kò jẹ́ kí wọ́n rí iṣẹ́ náà.

Iṣẹ́ tí aráyé gbà pé àwọn mọ̀ tó iṣẹ́ ilé-ìwé kò pọ̀. Èèyàn tí kò wọ yàrá iṣẹ́ abẹ rí á gbà pé òun ò mọ ohun tí oníṣẹ́ abẹ ń ṣe. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ wa ló ti jókòó sórí bẹ́ńṣì ní kíláàsì fún ọdún gbọọrọ. Ní 1975, Dan Lortie, onímọ̀ nípa àwùjọ ní Amẹ́ríkà, ṣírò rẹ̀ pé kí ọmọ tó jáde ilé-ìwé girama, á ti lo nǹkan bíi wákàtí 13,000 lọ́dọ̀ àwọn olùkọ́. Ó ní ìdí nìyẹn tí olúkúlùkù fi rò pé òun mọ iṣẹ́ ìkọ́ni, bẹ́ẹ̀ ìwọ̀nba tó hàn sí ẹni tó wà lórí ìjókòó ni wọ́n mọ̀. Ọmọ kì í bá olùkọ́ jókòó nígbà tó ń ronú bí ẹ̀kọ́ ọ̀la ṣe máa yé ẹni tí tòní ò yé.

Tí ti olùkọ́ bá rí báyẹn, ti ọ̀gá ilé-ìwé tún wá jù bẹ́ẹ̀ lọ. Olùkọ́ ṣì wà níwájú ọmọ lójoojúmọ́. Ọ̀gá ńkọ́? Orí ìlà àárọ̀ lọmọ ti ń rí i, tó ń kìlọ̀. Ọjọ́ tí ọmọ bá ṣẹ̀ ni wọ́n mú un wọ ọ́fíìsì rẹ̀. Ó tún wá rí i lọ́jọ́ ìpín-ẹ̀bùn, tó múra dáadáa, tó ń bọ àlejò lọ́wọ́. Ohun mẹ́ta yìí lọmọ gbé dàgbà. Nígbà tí òun náà bá di òbí, ìgbà tí nǹkan bá bàjẹ́ nìkan ni wọ́n tún ń pè é wá rí ọ̀gá. Kò sí bí kò ṣe ní gbà pé ẹni tó ń báni wí, tó ń gbàlejò, tó sì ń jókòó ni pírínsípà.

Ẹ má sì rò pé ìkórìíra ló ń bá wọn jà. Ní 2019, iléeṣẹ́ ìwádìí Pew bi àwọn ará Amẹ́ríkà léèrè nípa oríṣiríṣi àwọn tó wà nípò àṣẹ. Ìdá 84 nínú ọgọ́rùn-ún ló sọ pé àwọn ọ̀gá ilé-ìwé ìjọba máa ń bìkítà nípa àwọn ọmọ tó wà lábẹ́ wọn, ó kéré tán lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Àwọn aṣòfin wọn ò rí iye yẹn gbà. Láti 1969 náà ni Phi Delta Kappa, ẹgbẹ́ àwọn oníṣẹ́ ẹ̀kọ́ ní Amẹ́ríkà, ti ń bi wọ́n léèrè nípa ilé-ìwé, ohun kan sì ń hàn léraléra níbẹ̀: máàkì tí àwọn èèyàn ń fún ilé-ìwé àdúgbò wọn máa ń ga ju èyí tí wọ́n ń fún ilé-ìwé gbogbo orílẹ̀-èdè náà lápapọ̀. Ohun tí mo rí fà yọ nínú méjèèjì ni pé ará ìlú kò bínú ọ̀gá ilé-ìwé. Wọ́n fọkàn tán an, pàápàá èyí tó sún mọ́ wọn. Ṣùgbọ́n wọ́n lè fọkàn tán èèyàn kí wọ́n má mọ ohun tó ń ṣe rárá, ibẹ̀ sì ni ìyàwó yín bá ara rẹ̀ yìí.

Ẹ jẹ́ ká wọ inú ọ́fíìsì yẹn wàyí. Agogo àárọ̀ ò tíì dún, olùkọ́ kan ti pè pé ara òun ò yá. Kíláàsì mẹ́ta ló ní lọ́jọ́ náà. Ta ni ká gbé e fún? Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ ṣófo ní àsìkò àkọ́kọ́ ló gba kíláàsì ẹlòmíì lánàá, àsìkò yẹn nìkan ló sì ní láti fi máàkì iṣẹ́ àwọn ọmọ tirẹ̀. Tí wọ́n bá tún gbé e lé e lọ́wọ́, á gbà á, kò ní sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n á rántí. Tí wọn ò bá gbé e fún un, odidi kíláàsì á wà láìsí àgbà. Ọ̀gá ṣì ń rò ó lọ́wọ́, bàbá ọmọ kan ti dúró lẹ́nu ọ̀nà, kò sì fẹ́ jókòó. Akọ̀wé ń ju ìwé kan sórí tábìlì pé àwọn aláṣẹ fẹ́ kó padà kí ọ̀sán tó pọ́n. Omi ò yọ ní ilé ìgbọ̀nsẹ̀ àwọn ọmọbìnrin. Ọmọ kan sì wà lórí àga ní kọ̀rọ̀, tí ẹkún ò jẹ́ kó sọ ohun tó ṣe é. Ẹni tó bá gba ìta kọjá lásìkò yẹn, tó yọjú lójú fèrèsé, èèyàn tó jókòó tó di fóònù mú létí ló máa rí. Tó bá délé, á ní òun rí pírínsípà, ó jókòó.

Ìròyìn tí UNESCO, àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ẹ̀kọ́, gbé jáde ní 2024/5 lórí àbójútó ẹ̀kọ́ lágbàáyé, ọ̀rọ̀ àwọn aṣáájú nínú ẹ̀kọ́ ló dá lé. Ó mẹ́nu ba ìwádìí kan tí wọ́n ṣe láàárín àwọn ọ̀gá ilé-ìwé ní orílẹ̀-èdè 14 tí owó tó ń wọlé fún wọn wà ní agbede-méjì: ìdá 68 nínú ọgọ́rùn-ún àkókò wọn ló ń lọ sórí iṣẹ́ àbójútó ojoojúmọ́, irú èyí tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kà sílẹ̀ yìí. Inú mi kì í dùn tí mo bá rántí iye yẹn. Àwọn nǹkan wọ̀nyẹn gbọ́dọ̀ di ṣíṣe, torí àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ṣùgbọ́n kì í ṣe torí wọn la ṣe yan ọ̀gá. Àwọn ló ń jẹ iṣẹ́ tá a torí rẹ̀ yàn án.

Iṣẹ́ tá a torí rẹ̀ yàn án ni pé kí àwọn olùkọ́ tó wà níbẹ̀ túbọ̀ mọ iṣẹ́ wọn, kí èyí tó dáa nínú wọn má lọ, kí wọ́n sì lè jọ ṣiṣẹ́ láìbẹ̀rù ara wọn. Olùkọ́ ń kọ́ ọmọ. Ọ̀gá ń mú kí olùkọ́ lè kọ́ ọmọ. Àgbàlagbà ni iṣẹ́ rẹ̀ dá lé, àgbàlagbà tó sì jẹ́ pé púpọ̀ nínú wọn gbà pé àwọn ti mọ̀ ọ́n ṣe, òmíì dàgbà jù ú lọ, òmíì sì fẹ́ wà nípò tó wà.

Ìwádìí kan wà tí mo máa ń kà fún gbogbo ẹni tí mo bá ń dá lẹ́kọ̀ọ́. Àwọn olùṣèwádìí ẹ̀kọ́ mẹ́ta, Jason Grissom, Susanna Loeb àti Benjamin Master, ló gbé e jáde ní 2013. Wọ́n rán àwọn èèyàn tẹ̀lé àwọn ọ̀gá ilé-ìwé kiri ní agbègbè Miami, ní Amẹ́ríkà, pé kí wọ́n máa kọ ohun tí àwọn ọ̀gá náà ń ṣe sílẹ̀ fún odidi ọjọ́ ilé-ìwé. Wọ́n wá fi wé bí ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ ṣe ń tẹ̀ síwájú. Níbi tí ọ̀gá ti ń jókòó ti olùkọ́, tó ń tọ́ ọ sọ́nà lórí bó ṣe ń kọ́ni, ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ ń sunwọ̀n sí i. Níbi tí ọ̀gá ti ń yọjú wọ kíláàsì fún ìṣẹ́jú díẹ̀ tó sì ń jáde, kò rí bẹ́ẹ̀. Kódà níbi tí irú ìyọjú yẹn ti pọ̀, ìtẹ̀síwájú àwọn ọmọ kéré.

Ẹ wo ibi tí èyí ti kan ojú tí ará ìlú fi ń wo iṣẹ́ náà. Ọ̀gá tí wọ́n máa ń yìn ni èyí tó ń rìn káàkiri, tí ojú rẹ̀ wà níbi gbogbo, tí olùkọ́ á gbúròó bàtà rẹ̀ kí wọ́n sáré dìde. Wọ́n á ní ọ̀gá gidi nìyẹn. Èyí tó ti ilẹ̀kùn mọ́ òun àti olùkọ́ kan fún ìdajì wákàtí, wọ́n á ní ó ń tàkúrọ̀sọ. Bẹ́ẹ̀ inú ìdajì wákàtí yẹn ni iṣẹ́ wà.

Ẹ jẹ́ kí n ṣí ilẹ̀kùn náà díẹ̀. Ọ̀gá ti jókòó sẹ́yìn kíláàsì olùkọ́ ìṣirò kan láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Olùkọ́ náà mọ ìṣirò, ohùn rẹ̀ já gaara, àwọn ọmọ sì ń dáhùn. Ṣùgbọ́n ọ̀gá ń fa ìlà sínú ìwé rẹ̀ lábẹ́ ibi tí ọmọ kọ̀ọ̀kan jókòó sí, ìlà kan fún gbogbo ìgbà tí ọmọ bá lanu. Nígbà tí wọ́n jọ jókòó, kò sọ pé “kíláàsì rẹ ò dáa.” Ó tẹ́ ìwé náà sílẹ̀ láàárín àwọn méjèèjì. Ọmọ mẹ́rin níwájú ló ní ìlà rẹpẹtẹ. Gbogbo ọwọ́ ẹ̀yìn lápá òsì funfun. Olùkọ́ náà wò ó títí. Ó kọ́kọ́ ní àwọn tẹ̀yìn yẹn, ọ̀lẹ ni wọ́n. Ọ̀gá dákẹ́. Lẹ́yìn náà olùkọ́ fúnra rẹ̀ sọ pé tí òun bá béèrè ìbéèrè, òun kì í dúró. Ẹni tó bá kọ́kọ́ nawọ́ lòun ń pè. Wọ́n fẹnu kò sí ohun kan ṣoṣo: lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, tó bá béèrè, kó dákẹ́ kó ka ẹyọ dé márùn-ún nínú ọkàn rẹ̀, kó tó pe ẹnikẹ́ni. Ọ̀gá á padà wá jókòó wò ó.

Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Kò sí ariwo, kò sí ẹni tó máa gbé e sínú ìròyìn. Òbí tí ọmọ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í lóye ìṣirò ní oṣù mélòó kan sígbà yẹn á dúpẹ́ lọ́wọ́ olùkọ́, ó sì yẹ kó dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Kò ní wá sí i lọ́kàn láé pé ìwé pélébé kan tó kún fún ìlà ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ọ̀gá tó bá ń wá ìyìn fún irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ò ní pẹ́ níbẹ̀.

Apá kan tún wà tó máa ń dùn mí jù, òun náà ló sì ń ba orúkọ ọ̀gá jẹ́ jù lójú òde: ohun tí kò lè sọ. Ká ní ọmọ kan ń yọ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lẹ́nu. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá ni àgbà òṣìkà, torí náà ọ̀gá pe ọmọ kejì, ó pe àwọn òbí rẹ̀, ó sì gbọ́ nǹkan nípa ilé ọmọ náà tí kò gbọ́dọ̀ jáde nínú yàrá yẹn. Ó ṣètò ẹni tó máa máa bá a sọ̀rọ̀, ó yí ibi tó ń jókòó padà, ó fi ìyà tó tọ́ jẹ ẹ́. Ìyá ọmọ tí wọ́n yọ lẹ́nu wá béèrè: “Kí lẹ ṣe sí i?” Ohun tí ọ̀gá lè sọ ni pé a ti mójú tó o, pé irú rẹ̀ kò ní ṣẹlẹ̀ mọ́. Ìyá yẹn á jáde, á sọ fún àwọn òbí yòókù lẹ́nu géètì pé pírínsípà yìí ò ṣe nǹkan kan. Ọ̀gá á sì gbọ́ ọ, á gbé e mì. Bákan náà ni pẹ̀lú olùkọ́ tí wọ́n ń tún iṣẹ́ rẹ̀ ṣe ní kọ̀rọ̀: àwọn òbí ń pariwo pé kí wọ́n lé e, wọn ò mọ̀ pé láti ìbẹ̀rẹ̀ sáà ẹ̀kọ́ ni ọ̀gá ti ń bá a fà á lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, tí ohun gbogbo sì wà ní àkọsílẹ̀.

Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ìdí rẹ̀ nìyí tí ẹ̀yin fúnra yín ò fi rí nǹkan sọ. Kò lè gbé ohun tó rẹ̀ ẹ́ wálé wá sọ fún yín. Ẹ má fi ṣe pé ó ń fi nǹkan pamọ́ fún yín. Àṣírí ọmọ ọlọ́mọ ló wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Tí àwọn ará ilé bá wá ní kí ni èrè gbogbo rẹ̀, èsì wà. Ní 2004, Kenneth Leithwood, onímọ̀ nípa ẹ̀kọ́, àti àwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ kó ìwádìí jọ, wọ́n ní nínú gbogbo ohun tó wà nínú ilé-ìwé tó ń mú kí ọmọ mọ̀wé, lẹ́yìn iṣẹ́ olùkọ́ nínú kíláàsì, ti aṣáájú ilé-ìwé ló tẹ̀ lé e. Ní 2021, Grissom tí mo dárúkọ lẹ́ẹ̀kan, òun pẹ̀lú Anna Egalite àti Constance Lindsay, tún ṣe àyẹ̀wò ọ̀rọ̀ náà fún Wallace, àjọ kan ní Amẹ́ríkà tó ń náwó sórí ìwádìí ẹ̀kọ́. Wọ́n ní tí ilé-ìwé kan bá kúrò lọ́wọ́ ọ̀gá tí iṣẹ́ rẹ̀ wà nísàlẹ̀ ti ọ̀pọ̀, tó bọ́ sọ́wọ́ ọ̀gá tí tirẹ̀ ta ọ̀pọ̀ yọ, ohun tí ọmọ kọ̀ọ̀kan á fi mọ̀ sí i lọ́dún kan tó ẹ̀kọ́ oṣù 2.9 nínú ìṣirò, àti oṣù 2.7 nínú ìwé kíkà. Olùkọ́ kan tó dáńtọ́ lè ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ fún àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀. Ṣùgbọ́n ti ọ̀gá ń kan gbogbo ọmọ tó wà nínú ọgbà, lẹ́ẹ̀kan náà. Nígbà tí ìyàwó yín ń kọ́ni, àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ ló ń jẹ àǹfààní rẹ̀. Ní báyìí, bó ṣe ń lo ọjọ́ rẹ̀ ń kan àwọn ọmọ tí kò tíì bá sọ̀rọ̀ rí.

Mo fẹ́ sọ nǹkan kan tí ẹ ò béèrè. OECD, àjọ tí ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè olówó para pọ̀ sí, máa ń ṣe ìwádìí kan tí wọ́n ń pè ní TALIS láàárín àwọn olùkọ́ àti ọ̀gá ilé-ìwé. Nínú ti 2018, ìdá 68 nínú ọgọ́rùn-ún olùkọ́ ló jẹ́ obìnrin ní àwọn orílẹ̀-èdè wọn, ṣùgbọ́n ìdá 47 péré ni obìnrin láàárín àwọn ọ̀gá. Obìnrin ń kọ́ni, ọkùnrin ń ga sípò: bí ọ̀pọ̀ ṣe ń fojú inú wò ó nìyẹn, bó sì ṣe rí níbi púpọ̀ nìyẹn. Tí obìnrin bá wá dé ibẹ̀, tó bá le, wọ́n á ní ó rorò; tó bá rọra ń ṣe é, wọ́n á ní kò káṣẹ́ náà. Nígbà tí ẹ bá ń gbọ́ “ó kàn ń jókòó ni,” ẹ fara balẹ̀ wò ó bóyá wọ́n á sọ irú ọ̀rọ̀ yẹn ká ní ẹ̀yin ni ẹ di ọ̀gá. Ẹ̀yin lẹ mọ àwọn èèyàn yín, èmi ò mọ̀ wọ́n. Ṣùgbọ́n tó bá rí bẹ́ẹ̀, ọ̀rọ̀ ìwádìí kọ́ ló máa tán an. Ẹ̀yin ọkọ lẹ máa sọ fún wọn pé ẹ ò fẹ́ gbọ́ ọ mọ́.

Kí n má sì gbè sẹ́yìn àwa tá a ṣe iṣẹ́ yìí jù. Àwọn ọ̀gá kan wà tí ọ̀rọ̀ àwọn ará ilé yín bá mu wẹ́kú. Wọ́n sá pa mọ́ sábẹ́ fáìlì, torí fáìlì kì í janpata, olùkọ́ ló ń janpata. Ìwé wọn pé pérépéré, kò sì sí olùkọ́ kan tó lè rántí ọjọ́ tí wọ́n jókòó tì í. Òbí tó bá fẹ́ mọ irú èyí tó wà ní ilé-ìwé ọmọ rẹ̀, kó má wo bí ọ̀gá ṣe ń sọ̀rọ̀ lórí ìlà. Kó bi olùkọ́ kan pé: ìgbà wo ni ọ̀gá yín jókòó ní kíláàsì yín gbẹ̀yìn, kí lẹ sì yí padà lẹ́yìn rẹ̀? Kó tún béèrè bóyá àwọn olùkọ́ tó dáa ń dúró níbẹ̀ àbí wọ́n ń lọ.

Fún àwọn ará ilé, ẹ má wulẹ̀ ka ìwádìí sí wọn létí. Ẹ sọ fún wọn pé nígbà tó jẹ́ olùkọ́, ọmọ ló ń kọ́. Ní báyìí, àwọn tó ń kọ́ ọmọ ló wà lọ́wọ́ rẹ̀, tó bá sì ṣe é dáadáa, àwọn olùkọ́ ni aráyé máa yìn. Tí wọ́n bá ṣì ń jiyàn, ẹ fi wọ́n sílẹ̀.

Fún ìyàwó yín, ẹ má bi í pé “báwo ni iṣẹ́ lónìí?” Ó máa ní kò burú. Ẹ bi í pé: lọ́sẹ̀ yìí, o rí àyè jókòó ti olùkọ́ kankan bí? Kò níláti dárúkọ ẹni náà. Tó bá ní bẹ́ẹ̀ ni, ẹ ní kó sọ ohun tó wú u lórí níbẹ̀, ẹ máa rí i pé àárẹ̀ á kúrò lójú rẹ̀ bó ṣe ń sọ ọ́. Tó bá ní òun ò ráyè, ibẹ̀ gan-an ni wàhálà rẹ̀ wà, ẹ sì lè bá a rò ó: èwo nínú àwọn ìwé yẹn ni igbákejì rẹ̀ lè máa buwọ́ lù, wákàtí wo láàárọ̀ ni akọ̀wé lè máa dá àlejò dúró kí ìyàwó yín lè wà ní kíláàsì, àti aago mélòó lálẹ́ ló máa pa fóònù náà.